Ìwé Ilé Bàbá Sọnù? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ilẹ̀ Ná

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa ní Kábà, Búnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Mopa, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Tí òbí bá kú tó fi ilé sílẹ̀, tẹ́ ẹ wá ìwé ẹ̀ títí tẹ́ ò rí i, ẹ fọkàn balẹ̀, ìwé ló sọnù, ilé ò sọnù. Láti 1976 ni Supreme Court ti là á kalẹ̀ pé ọ̀nà márùn-ún lèèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìwé kàn jẹ́ ọ̀kan ni, ìtàn bí ilẹ̀ ṣe kan ìdílé wà níbẹ̀, kéèyàn ti pẹ́ níbẹ̀ tó ń lò ó láìsẹ́ni tó bá a jà wà níbẹ̀, kódà igi kajú tí bàbá gbìn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀rí ni.

Ikán ló jẹ tiwa. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí onírin bàbá wa wà, ìdí ẹ̀ ti dípẹtà ó ti lu, ìgbà tá a ṣí i, ìwé ti di yẹ̀pẹ̀, etí bébà kan tó ní ìlà pupa ló kù. Ẹnì kan ní ká mówó wá, òun á tẹ agreement tuntun, òun á fi déètì àtijọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà o! Ẹ̀wọ̀n ni ayédèrú ìwé ń fà, á sì ba ojúlówó ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní jẹ́. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ la gbà lọ, a ro koríko, a rí òpó kọnkéré kúkúrú kan, irú èyí tí sọ́feyọ̀ máa ń rì mọ́ ààlà ilẹ̀, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀ tán, mo fi omi àti kànìnkànìn fọ orí ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́mbà yọ. Nọ́mbà yẹn ni sọ́feyọ̀ gbé lọ sí ọ́fíìsì sọ́feyọ̀ àgbà ìjọba, torí ó yẹ kí ẹni tó wọn ilẹ̀ fi ẹ̀dà pláànù ẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ la ti bá orúkọ bàbá wa.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà olóògbé àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, àti báǹkì, torí olóògbé lè ti fi ìwé yẹn yáwó láìsọ fọ́mọ kankan.

Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n fún yín níwèé, ẹ lọ búra sí affidavit ní kọ́ọ̀tù, ẹ kéde ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ tó lọ tọrọ ẹ̀dà tí ìjọba lu òǹtẹ̀ sí lọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Àmọ́ August 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, Kwara la wà tẹ́lẹ̀, torí náà tí ìwé yín bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ béèrè ní Ìlọrin náà. Ilẹ̀ abúlé ńkọ́? Òfin ilẹ̀ 1978 fún káńsù lágbára láti fúnni níwèé, ẹ débẹ̀.

Ilé tí kò níwèé rí ló ń dùn mí jù, torí ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ẹ̀rí ẹ̀ wà, wọ́n sì ń lọ. Ẹ pe olórí ìdílé àtàwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà, kí lọ́yà kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ báyìí, ẹni tí ò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún un lédè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á.

Ìwé tẹ́ ẹ bá rí, orúkọ olóògbé ló ṣì wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹ lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, ní High Court, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání, kẹ́ ẹ sì jọ lọ ni o, ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ náà ní ìpín, ẹnì kan ò lè dá ilé ìdílé tà.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ fẹ́ǹsì, ẹ kìlọ̀ fún bíríkìlà kó má hú òpó kọnkéré yẹn.