Bí ẹ ṣe lè gba ilé l'Èkó kí òfin lè gbè yín

Bí èèyàn bá ń wá ilé l'Èkó, owó ni kálukú máa ń bá a sọ: owó ilé, owó ajẹ́ǹtì, owó àgíríméǹtì. Ọ̀rọ̀ ìwé ni èmi fẹ́ bá yín sọ. Láti ọdún 2011 tí Gómìnà Babatunde Fashola ti fọwọ́ sí i ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Òfin náà dáa, àmọ́ ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò ní rí nǹkan kan gbé síwájú adájọ́.

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀, ẹ wo àdúgbò tí ilé wà. Òfin yìí kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Bó bá jẹ́ Múṣin, Ṣúrùlérè, Agége tàbí Ìkòròdú, ó kàn yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ iye tó yẹ kí ẹ san. Ayálégbé tuntun kò gbọdọ̀ san ju owó ọdún kan lọ. Ẹni tó ti ń gbénú ilé tó ń san lọ́dọọdún, ọdún kan náà ni. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin mú ẹni tó béèrè, ó sì mú ẹni tó san: ₦100,000 ni owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń béèrè ọdún méjì. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọdún kan ni òfin ní kí n san.” Bí wọn ò bá gbà, ẹ wá ilé mìíràn.

Àgíríméǹtì ló kàn. Ẹ kà á tán kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí lọ́yà onílé ló kọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì, iye owó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, àti ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe bó bá ń jò. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù ni ìlà kúìtì nótíìsì, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé kó múra láti jáde. Bí ìwé náà kò bá sọ iye àkókò, òfin fún ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan, ó sì fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá buwọ́ lu ìwé tó ní oṣù kan péré, ẹ ti fọwọ́ ara yín ju oṣù márùn-ún nù. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ẹ gba rìsíìtì. Ìyà rẹ̀ jẹ mí rí. Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà, ajẹ́ǹtì kọ iye owó sórí ìwé pélébé kan, kò kọ ìgbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa tán. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, onílé ní owó mi ti parí. Mi ò rí ohun tí mo lè fi jiyàn, mo sì san owó oṣù mẹ́ta tí mo ti san tẹ́lẹ̀. Òfin ní kí onílé kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti tiyín, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún. Owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, àti owó ìtọ́jú ilé, rìsíìtì ọ̀tọ̀ ni tiwọn.

Bí onílé bá fẹ́ kí ẹ jáde, yóò kọ́kọ́ fún yín ní kúìtì nótíìsì, lẹ́yìn rẹ̀ nótíìsì ọjọ́ méje, kó tó lọ sí kóòtù. Kò gbọdọ̀ ṣí òrùlé lé yín lórí, kò sì gbọdọ̀ halẹ̀ mọ́ yín. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ má ya nótíìsì náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sí i lára, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Bí onílé bá kàn fi owó gun owó lójijì, ayálégbé lè ní kí kóòtù wò ó bóyá ó bójú mu. Adájọ́ yóò wo iye tí wọ́n ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà. Àmọ́ kí ẹ tó dé kóòtù, ẹ kó àgíríméǹtì àti gbogbo rìsíìtì yín lọ sí Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba owó. Wọ́n á pe onílé, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ kí ẹ buwọ́ lù ú.