Nẹ́gátíìfù láti inú fóònù fún fọ́tò dúdú àti funfun

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ fọ fọ́tò dúdú àti funfun bíi ti àtijọ́ láti inú fọ́tò fóònù kò nílò fíìmù rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí transparency, ọ̀rá tó mọ́ gaara bíi gíláàsì yẹn, kí ẹ gbé e lé bébà fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ń yàwòrán sí nínú dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, kí ẹ wá tan iná sí i láti òkè. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ àwọ̀ kúrò, ẹ sọ dúdú di funfun àti funfun di dúdú (ìyẹn ni nẹ́gátíìfù), kí ẹ sì yí ọ̀tún sí òsì. Ẹ má fo yíyí yẹn o. Òun ló ń jẹ́ kí ojú tí yíǹkì wà dojú bo bébà. Tí yíǹkì bá lẹ̀ mọ́ ọn, irun orí àti ìlà ojú á hàn ketekete, àmọ́ tí ọ̀rá bá wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká, gbogbo rẹ̀ á rí bàìbàì. Gíláàsì tó wúwo ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lésà ni wọ́n ń lò níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ní Tanke, àdúgbò kan ní Ìlọrin, dúdú rẹ̀ kì í sábà ki tó: ẹ tẹ méjì, kí ẹ tò wọ́n léra. Lásìkò ọyẹ́ ní Ìlọrin níbí, ẹ nu gíláàsì náà dáadáa, torí eruku bíńtín á di àmì funfun lójú ẹni tí ẹ yà. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò láti àtijọ́ kò yí padà. Ibi tó kù sí ni pé bí ọ̀rá bá ṣe tó ni fọ́tò ṣe máa tó: A4 lẹ bá tẹ̀, A4 náà lẹ ó rí.