Nígbà tí Python bá kọ̀ láti bọwọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àṣìṣe TLS

Nínú ọ́fíìsì wa ní Utako, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, SSL tún ti dé.” (SSL ni orúkọ àtijọ́ TLS, ìlànà tó ń pa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà méjì mọ́ ní àṣírí.) Ohun tí wọ́n ń sọ ni bí Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù wa, àti sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá a lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́ (handshake) kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fohùn ṣọ̀kan lórí irú TLS tí wọn yóò lò, tí sáfà ti ń fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn, tí Python sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdáhùn kan náà ni mo ń tún sọ ṣáá, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n lè ráyè ṣe iṣẹ́ tèmi.

Ìbéèrè: Ó ní “certificate is not yet valid”.

Ìdáhùn: Ẹ wo aago kọ̀ǹpútà yín. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá ti kú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni ọjọ́ rẹ̀ yóò máa padà sẹ́yìn.

Ìbéèrè: WRONG_VERSION_NUMBER ńkọ́? Ṣé kí n pààrọ̀ irú TLS tí mo ń lò ni?

Ìdáhùn: Rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kò gbọ́ TLS ni ẹ ń sọ ọ́ fún: pọ́ọ̀tù 80 tó jẹ́ ti http lásán dípò 443 tó jẹ́ ti https, tàbí proxy (ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀kọjá) tí ẹ kọ https síwájú àdírẹ́sì rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé http lásán ló gbọ́.

Ìbéèrè: Ó ní ssl kò ní wrap_socket mọ́.

Ìdáhùn: Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láti Python 3.12. Ẹ fi ssl.create_default_context ṣe context (àkójọ ètò TLS), kí ẹ lo wrap_socket tirẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé server_hostname.

Ìbéèrè: CERTIFICATE_VERIFY_FAILED, “unable to get local issuer certificate”. Ṣùgbọ́n Chrome ṣí i láìsí wàhálà!

Ìdáhùn: Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi. Ìwé ẹ̀rí sáfà kì í dá dúró: àjọ kan tí à ń pè ní alárinà (intermediate) ló fọwọ́ sí i, àjọ gbòǹgbò (root) tí kọ̀ǹpútà yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì fọwọ́ sí ti alárinà. Bí ẹni tó ṣètò sáfà bá gbàgbé láti fi ìwé alárinà kún tirẹ̀, Chrome lè lọ wá a fúnra rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí náà, ṣùgbọ́n Python kì í wá a lọ síbì kankan. Ẹ tẹ openssl s_client -connect, kí ẹ fi orúkọ sáfà àti :443 tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi -showcerts parí rẹ̀. Bí ìwé kan ṣoṣo bá jáde, tí ìsàlẹ̀ sì ní “Verify return code: 21”, ọ̀dọ̀ onísáfà ni àtúnṣe wà, kì í ṣe nínú kóòdù yín. Bí àwọn ìwé náà bá pé, ẹ fi pip sọ certifi, àkójọ ìwé gbòǹgbò fún Python, dọ̀tun. Kí àwọn tó ń lo Mac, tí wọ́n gba Python láti python.org, ṣí “Install Certificates.command” tó bá a wá.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò kúkú lè kọ verify=False, kí Python má yẹ ìwé ẹ̀rí wò mọ́?

Ìdáhùn: Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wà láàárín ẹ̀yin àti sáfà yóò lè pe ara rẹ̀ ní sáfà, Python yóò sì kó password yín fún un.

Ìbéèrè: Kò bá ìwé ẹ̀rí jà rárá. Ó kàn dúró, lẹ́yìn náà ló ní “The handshake operation timed out”.

Ìdáhùn: Èyí ló gba ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ èmi fúnra mi. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé mi ní Kubwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù kì í ṣiṣẹ́ bí mo bá ti dé ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìkànnì mìíràn ń ṣí níbẹ̀ kan náà. Mo yọ Python kúrò, mo tún fi í sí i. Mo pààrọ̀ certifi. Mo tilẹ̀ bú onísáfà nínú ọkàn mi, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbà tí curl, irinṣẹ́ mìíràn tó ń pe sáfà, náà dúró gbagidi ni mo tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ Python kọ́, mo sì ṣí tcpdump, tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀ hàn. Mo rí i pé ClientHello tiwa (ìkíni tó ṣí ìbọwọ́ náà), tí kò ju nǹkan bí 500 báìtì lọ, jáde, sáfà sì dáhùn pé òun ti gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Ìwé ẹ̀rí tí sáfà ń dá padà tóbi ju ìyẹn lọ dáadáa, nítorí náà pákẹ́ẹ̀tì tó kún dé 1500 báìtì ló fi ń kó o bọ̀, VPN (ọ̀nà àdáni orí íntánẹ́ẹ̀tì) tó wà lórí ráútà ọ́fíìsì kò sì lè gbà ju 1420 lọ. Ó yẹ kí ẹ̀rọ tó wà ní òdìkejì VPN náà sọ fún sáfà pé ẹrù rẹ̀ ti tóbi jù, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ṣètò firewall (aṣọ́nà) rẹ̀ kí ICMP kankan, irú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ irú ìkìlọ̀ yẹn, má ṣe jáde àfi ti ping. Sáfà ń tún ẹrù fi ránṣẹ́, ẹrù ń ṣòfò lẹ́nu ọ̀nà, Python jókòó ó ń retí. Àwọn ìkànnì tó ń ṣí, pákẹ́ẹ̀tì kékeré ni sáfà tiwọn ń lò.

Bí ẹ bá fura sí irú èyí, ẹ tẹ ping -M do -s 1472 àti orúkọ sáfà lórí Linux, kí ẹ máa dín nọ́ńbà náà kù títí ìdáhùn yóò fi wá. Tèmi dáhùn ní 1392. Ẹ fi báìtì 28 tó jẹ́ ti orí pákẹ́ẹ̀tì kún un, 1420 ló fún wa. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ má fọwọ́ ara yín kan ráútà o. Ẹ pe ẹni tó ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tí ẹ rí hàn án. Tiwa dín MSS, ìwọ̀n ẹrù tí pákẹ́ẹ̀tì kan lè gbé láìka orí rẹ̀, kù sí 1380 lójú mi, ìbọwọ́ sì yọrí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kóòdù tí mo ti tún kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.