Bátìrì ínfátà yín ti kú? Ẹ má tíì pe onírin o

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì yìí, èmi náà ò ka ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí méjì tèmi kú, àwọn 200Ah ràgàjì yẹn tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé ẹyọ kan, mo kàn pe bọ̀dá kan tó ń ti ọmọlanke kọjá ládùúgbò, a nájà, ó sanwó, mo wọlé. Kí n tó padà jáde ó ti dojú ọ̀kan dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ásíìdì ń dà, sìmẹ́ǹtì ń hó, ó ń yọ fóòmù funfun bí ìgbà tí wọ́n da ọṣẹ síbẹ̀. Mo ní bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Ó ní àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ òun ò fẹ́ omi inú ẹ̀, òjé (lead) ni wọ́n ń wọ̀n. Ewúro màmá ìsàlẹ̀ tó wà létí gọ́tà yẹn ò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbẹ pátápátá, mo sì bẹ màmá yẹn títí ẹnu fi ń ro mí. Ewúro ṣì kéré níbẹ̀ sha. Òjé tó bá ásíìdì yẹn dà sílẹ̀, inú ilẹ̀ náà ló máa wà, kì í jẹrà.

Òjé ò sì mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà, àfi pé ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù, ọpọlọ wọn ló ń lọ bá. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal, láàárín ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọ 18 ló kú níbi tí àwọn èèyàn ti ń tú òkú bátìrì kí wọ́n lè rí òjé inú ẹ̀ tà. Ẹ má rò pé ọ̀nà jìn, ṣebí 2025 ni ìròyìn gbòde lórí Ògijo tiwa níbí, láàárín Ìkòròdú sí Ṣàgámù, pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé wò, wọ́n sì bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kì í ṣe pé a ò rí ẹni kó bátìrì lọ. Wọ́n ń kó o, wọ́n tiẹ̀ ń du ara wọn lé e lórí, torí ó lé ní ìdajì ìwúwo bátìrì tó jẹ́ òjé, owó sì ni òjé. Bí wọ́n ṣe ń tú u ni wàhálà. Ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa máa fi ẹ̀rọ fọ́ ọ níbi tó ní òrùlé, á pa oró ásíìdì yẹn, á fọ ike ẹ̀, á fi fíltà sẹ́nu símínì kí èéfín òjé má baà bọ́ síta, owó gidi nìyẹn. Ẹni tó ń yọ́ ọ ní gbangba ò ná kọ́bọ̀ nínú gbogbo ìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi lè fi owó lé e fún yín. Tí ẹni méjì bá dá yín lóhùn tí owó ọ̀kan sì ga ju ti èkejì lọ fíìfíì, ẹ bi í ibi tó ti fẹ́ rí i.

Ibẹ̀ ni òfin ti wá sọ pé ẹni tó kó ààyè bátìrì wọ̀lú ni kó wá gbé òkú ẹ̀. Ẹni tó ṣe é tàbí tó kó o wọlé láti òkè òkun ló máa dí àfo owó yẹn. Ní Nàìjíríà NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, ló ń mójú tó o, òfin tó wà fún bátìrì nìkan jáde ní 2024, ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń ṣe bátìrì àtàwọn tó ń kó o wọlé sì ń wọ̀ láti jọ ṣètò gbígbà á padà ni wọ́n ń pè ní ARBR.

Ó dáa, bátìrì ti kú nílé yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹ kọ́kọ́ pa ínfátà, ẹ tú wáyà dúdú ṣáájú pupa, kó má baà ṣáná. Ẹ fi téèpù dúdú tí àwọn rìwáyà ń lò wé orí ẹ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó dúró lóòró lórí pákó tàbí táyà àlòkù, níbi tí òjò ò dé, tí ọmọ ò lè dé, kó má sì jẹ́ kíṣìnnì. Tó bá ń jò, ẹ gbé e sínú ike ńlá, kí ẹ da sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì sórí èyí tó ti dà sílẹ̀ títí tó fi máa ṣíwọ́ híhó (káún náà ń ṣe é, ẹbí kan náà ni wọ́n). Tó bá ta sí yín lára, omi, omi púpọ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, tó bá jẹ́ ojú, ẹ gba ọsibítù lọ lẹ́yìn náà. Ẹ má wọ jíìnsì gidi ṣe é o, ẹ ò ní rí nǹkankan lójú ẹsẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán ni ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta tuntun fún yín ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ tó sanwó o, torí tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán ẹnu yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ tólẹ̀ mọ́. Ẹ ní "Bọ̀ọ̀sì, èló lẹ máa yọ fún ògbólógbòó yìí, ibo lẹ sì ń kó o lọ?" Tó bá ní kẹ́ ẹ da omi inú ẹ̀ nù kẹ́ ẹ tó gbé e wá, ẹ yáa wá ṣọ́ọ̀bù míì. Bó ṣe wà, ti òun ti ásíìdì ẹ̀, ló yẹ kó dé ibi tí wọ́n ti máa tú u. Ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n lójú yín, kó sì kọ kílò ẹ̀ sí rìsíìtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó kọ̀nténà wá sí Aláàbà, ẹ̀yin náà lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí jù, kódà tó bá jẹ́ pé ìdí sólà lẹ fi bátìrì sí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NESREA, ẹ wọ ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ wá ṣe é bíi ti owó ìgò ayé ijọ́sí, ẹ̀yin náà ṣáà rántí, tó ò bá mú ìgò wá wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Ẹ fi owó kan lé tuntun, ẹni tó bá dá òkú padà kó gbà á. Ẹ ní ìwé kan tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, irú bátìrì, kílò, ẹni tó mú un wá, ẹni tó kó o lọ. Ẹni tó máa kó o lọ yẹn gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ sì fi ojú ara yín lọ wo ọgbà ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwé nìkan ò tó. (Ní UK, ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta bátìrì kékeré tó tó kílò 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ gba òkú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ẹ má tún máa jù ú sí bíìnì ilé mọ́.)

Líthíọ́ọ̀mù yàtọ̀ o, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ olójé rárá, tó bá bá wọn wọ iná ìléru ó lè bú gbàmù. Ti fóònù tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má ṣáàjì ẹ̀, ẹ gbé e sínú agolo tó ní iyanrìn níta títí tẹ́ ẹ fi máa rí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ àlòkù. EPRON ni ẹgbẹ́ tó wà fún ìyẹn.

Èyí tí mo dá padà gbẹ̀yìn, ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló wá gbé e. Àwọn ọmọ yẹn gbé e lóòró, téèpù wà lórí ẹ̀, wọ́n kọ kílò 58 sí rìsíìtì, ásíìdì ẹ̀ sì wà nínú ẹ̀ digbí. Màmá ìsàlẹ̀ dúró ti ewúro tuntun ẹ̀, ó ń ṣọ́ wa títí ọkọ̀ yẹn fi lọ.