Ẹ fi fáníìṣì ìkẹyìn pamọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tún kíṣìnì ṣe ní London níbí. Tó bá jẹ́ pákó ni ilẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sáńpépà wọlé kí oníná àti àwọn tó ń rẹ́ ògiri tó kẹ́rù wọn kúrò. Kí wọ́n họ pákó, kí wọ́n kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, kí kọ́bọ́ọ̀dù tó wọlé. Kíkùn ìkẹyìn di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tán pátápátá. Èmi kánjú ní tèmi: wọ́n wọ́ fíríìjì kọjá lọ́jọ́ kejì, ó fa ìlà funfun gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí síńkì! Fáníìṣì tí wọ́n fi omi pò, tí kì í ṣe olóròóró, a máa gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì le. Ẹ fún un ní bí ọjọ́ 7 kí ẹ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e.