Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa bromine àti ozone

Ẹ má fojú kékeré wo bromine, èròjà kan tó ń ba ozone jẹ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ òkè tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Àṣìṣe yìí ló gbilẹ̀ jù, ó sì rọrùn láti ṣe. Bí a bá kó ẹyọ afẹ́fẹ́ tírílíọ̀nù kan jọ níbi tí ozone pọ̀ sí, ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí 35 sókè, bromine inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí 20 lọ. Ti chlorine, èròjà mìíràn tó ń ba ozone jẹ́, tó nǹkan bí 3,000. Ta ni ò ní sọ pé chlorine nìkan lọ̀daràn? Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí átọ́ọ̀mù bromine kan ń bà jẹ́ tó ìlọ́po 60 ti chlorine.

Chlorine tètè máa ń há sínú àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kó rí iṣẹ́ ṣe. Ó di ìgbà tí àwọsánmà oníyìnyín bá yọ lókè Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ gúúsù ayé, kó tó já jáde lọ́pọ̀. Bromine ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó so ó mọ́lẹ̀ ò le, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti tó láti tú u sílẹ̀. Òun àti chlorine tún máa ń pawọ́ pọ̀ ba ozone jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ṣírò ọ̀kan láìka èkejì mọ́ ọn ti ṣì í.

Ẹ má sì sọ pé ọwọ́ èèyàn ni gbogbo bromine inú afẹ́fẹ́ ti wá. Ewé inú òkun ń tú bromoform jáde, igbó tó ń jó ń tú methyl bromide; bromine wà nínú méjèèjì. Àwọn kan wá fi èyí ṣe àwáwí, bí ẹni pé òkun ò ti wà kí ihò inú ozone òkè Antarctica tó yọ!

Àwọn mìíràn á ní, “Wọ́n ti fòfin de àwọn èròjà oníbromine, ó ti parí.” Rárá o. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ dáwọ́ ṣíṣe halon, èròjà oníbromine tí wọ́n fi ń paná, dúró ní 1994, àwọn yòókù ní 2010. Ṣùgbọ́n halon 1301, ọ̀kan lára wọn, máa ń lò ju ọgọ́ta ọdún lọ nínú afẹ́fẹ́, ó sì ṣì wà nínú ohun ìpaná ọkọ̀ òfuurufú. Methyl bromide náà ní ihò àsálà: òfin ṣì gbà kí wọ́n máa fi í fín ẹrù tó ń kọjá ẹnubodè láti pa kòkòrò. Ẹ wo ara pálẹ́ẹ̀tì onígi tó bá ti èbúté dé. Bí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá ní HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ MB, methyl bromide ni.

Bí àgbá ìpaná halon àtijọ́ bá wà ní ilé iṣẹ́ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wò láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn. Halon inú rẹ̀ ṣeé fà jáde, ṣeé fọ̀ mọ́, ó sì ṣì ní ibi tí wọ́n ti ń wá a.