Bí A Ṣe Lè Ṣàlàyé Èrò Wa Lórí Fíìmù Tí Olú Ẹ̀dá-Ìtàn Rẹ̀ Kò Ṣeé Gbà Gbọ́

Nígbà tí fíìmù ìfòyà bá dá lórí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí ó sì jẹ́ pé ojú ẹni náà ni a fi ń wo gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòran ni ó máa ń bínú ní ìparí rẹ̀ pé wọ́n tan àwọn jẹ. Èmi kò ka ìbínú yìí sí àìmòye rárá. Ohun tí ó yẹ ni kí a wádìí ohun tí ó fà á, nítorí ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín fíìmù tí ó fi òtítọ́ pamọ́ síbi tí a ti lè rí i àti èyí tí ó kàn purọ́ fún wa.

Kí ẹ tó ka èrò ẹnikẹ́ni, ẹ kọ tiyín sílẹ̀: ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ fura, ẹni tí ẹ gbà gbọ́, àti ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún fíìmù náà wò. Ní ìgbà kejì yìí, ẹ mú ojú kúrò lára olú ẹ̀dá-ìtàn, kí ẹ sì máa ṣọ́ àwọn tí ó yí i ká. Ta ni ó ń dá a lóhùn ní tòótọ́? Ìṣẹ̀lẹ̀ wo ni kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn yàtọ̀ sí òun nìkan? Ẹ ya ohun tí ó fẹnu sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kámẹ́rà fi hàn, nítorí a tètè máa ń fura sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n a kì í sábà fura sí àwòrán. Olùdarí fíìmù Alfred Hitchcock lo àìfura yìí nínú fíìmù rẹ̀, Stage Fright, ní 1950, nígbà tí ó fi irọ́ tí ẹ̀dá-ìtàn kan ń pa hàn wá bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Inú àwọn ènìyàn kò dùn sí i, òun fúnra rẹ̀ sì sọ fún François Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé, lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti Dókítà Caligari, fíìmù tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1920, ògiri àti òpópónà ti wọ́, wọ́n sì ti tẹ̀ jálẹ̀ ìtàn tí Francis, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ń sọ, kí a tó mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ni Francis fúnra rẹ̀ wà. Èyí ni mo kà sí òdodo sí òǹwòran: àmì ti wà níwájú wa tipẹ́.

Bí ẹ bá ń kọ èrò yín, ẹ má ṣe ka ìwà burúkú olú ẹ̀dá-ìtàn sí àléébù fíìmù, ẹ má sì fi àrùn ọpọlọ rẹ̀ ṣe èébú. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó kí ẹ tó tú àṣírí ìparí rẹ̀. Bí ìparí náà bá sì ṣeé túmọ̀ sí ọ̀nà méjì, ẹ sọ èyí tí ẹ gbà, ẹ tọ́ka sí ìran tí ẹ gbé e lé, kí ẹ sì ṣàlàyé ìran tí ó ta kò yín gan-an, dípò kí ẹ fò ó dá.